Ìṣó Ara Igi Máńgòrò

Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá lọ́dọọdún, nígbà tí àwọn bàbá yòókù ní Festac bá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń wo àwọn ṣọ́jà tó ń yan, ẹ̀yìnkùlé ni bàbá tèmi máa ń wà pẹ̀lú téèpù tí ìyá mi fi ń ránṣọ. Igi máńgòrò rẹ̀ ló ń wọ̀n. Ọ̀sẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ kó kọ́kọ́rọ́ ilé fún un ló gbìn ín, ọdún yẹn náà ni wọ́n bí mi, àlejò kan kò sì lè mu omi tán nílé wa kó má gbọ́ lẹ́nu bàbá mi pé ọmọ méjì ni òun ń tọ́ nínú ilé yìí, ọ̀kan nínú yàrá, ọ̀kan lẹ́yìnkùlé. Tó bá ti wọn igi tán, á pè mí kí n wá fi ẹ̀yìn tì í.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún méjìlá, ó gbé ìwé pẹrẹsẹ kan lé mi lórí, ó ní kí n má mí, ó sì gbá ìṣó gígùn wọ ara igi níbi tí ìwé náà dé gan-an. Mo ń gbọ́ ìró òòlù náà nínú eyín mi. Ìyá mi, tí kò mọ̀ ju iṣẹ́ ìránṣọ rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ, rò pé bí igi bá ṣe ń ga ni ìṣó náà á máa gòkè, pé bí ìṣó bá sì ń gòkè, èmi náà á máa lé e lọ. Láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kó tó wé gèlè, á yọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, á fi òróró àdúrà ra orí ìṣó náà. Mo ṣì ń rí ìka rẹ̀ tó ń dán.

Bàbá mi ká a mọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

“Ìyàwó mi, òróró lò ń fi ṣòfò,” ló wí. “Lógún ọdún sí i, ibi tí ìṣó yẹn wà náà ló máa wà.”

Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀gbìn ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀kọ́ nípa ewéko ló kà ní yunifásítì, kò sì sí ohun tó ń dùn mọ́ ọn bíi kó rí aláìmọ̀kan tó máa là lóye. Ó ní igi kì í ga láti ìdí. Orí ẹ̀ka pátápátá, níbi ọ̀mùnú, àti ìpẹ̀kun gbòǹgbò nísàlẹ̀ ilẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni sẹ́ẹ̀lì ti ń pín sí méjì kí igi tó lè gùn sí i. Sẹ́ẹ̀lì tuntun á mu omi yó, á wú, á fi omi inú rẹ̀ ti ògiri tó yí i ká títí ògiri náà á fi nà. Nígbà tó bá yá, ògiri á le. Ibi tó bá le sí, ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì yẹn parí sí títí ayé. Ìdí igi ní tirẹ̀ kàn ń sanra ni, nítorí pé ìpele sẹ́ẹ̀lì tín-ín-rín kan wà lábẹ́ èèpo, tó yí igi ká bí òrùka, tí kò yéé pín. Ó fi èékánná bó èèpo kékeré kan, ó ní kí n fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀. Ó ń yọ̀.

“Ibi tó ń yọ̀ yìí ni ẹ̀mí igi wà,” ló wí. “Ìyókù tó ò ń rí, pákó àga ni.”

Ìyá mi nu òróró ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó wọlé lọ. Kò fi òróró ra ìṣó náà mọ́, ó kéré tán lójú bàbá mi.

Lọ́jọ́ yẹn mo bi bàbá mi léèrè pé kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì kan kò kúkú máa tóbi lọ, kó bọ́ lọ́wọ́ wàhálà pípín. Ìbéèrè tó dára ni, mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní. Nígbà tó di Sátidé, ó rán mi lọ ra ẹ̀kọ tútù àti sóbò. Ó tú ẹ̀kọ kúrò nínú ewé, ó gé e sí oríṣi mẹ́ta: ọ̀kan kò ju hóró ṣúgà onígun lọ, ọ̀kan tó páálí ìṣáná, ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìkúùkù òun fúnra rẹ̀. Ó kó wọn sínú abọ́ sóbò láàárọ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án títí di ìrọ̀lẹ́, ó wá fi ọ̀bẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì. Èyí tó kéré jù ti pupa dé inú. Èyí tó tẹ̀ lé e ní ojú funfun díẹ̀ láàárín. Ti ńlá náà, ara rẹ̀ lásán ló pupa, inú rẹ̀ funfun báláú.

“Sẹ́ẹ̀lì kò ní ẹnu,” ló wí. “Awọ rẹ̀ ló fi ń jẹun. Bó bá ṣe ń tóbi sí i, inú rẹ̀ á máa pọ̀ ju ohun tí awọ lè bọ́ lọ. Tó bá yá, ebi á máa pa àárín kú. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ló wà: kó pín, tàbí kó dúró síbi tó dé.” Ó wá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́. “Ìwọ ti mú ìkejì.”

Ó ní kí n jókòó kí n jẹ gbogbo ẹ̀kọ náà tán, nítorí pé wọn kì í da oúnjẹ nù nílé òun. Mo jẹ ẹ́, tòun ti inú rẹ̀ tó funfun.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mo fi ìbú ìka kan ga ju ìṣó náà lọ, ibẹ̀ ni mo sì wà dòní olónìí. Lọ́dọọdún ni bàbá mi ń pè mí sídìí igi, lọ́dọọdún ló sì ń sọ èsì fún ẹnikẹ́ni tó bá wà nílé: “Ìṣó kò kúrò, òun náà kò kúrò.” Àwọn àlejò á rẹ́rìn-ín. Àwọn tó lójú àánú nínú wọn á ní ojú mi kúkú dára. Ìyá mi nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Á ní ọbẹ̀ ń jó, á sì wọlé, bẹ́ẹ̀ kò sí ọbẹ̀ kankan lórí iná.

Mo kúrò nílé yẹn, mo gbé ibòmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oògùn ni mò ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Apple Junction, lórí àga gíga tí mo ní kí káfíńtà kàn fún mi, kí àwọn oníbàárà má baà máa bá irun mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá mi kú, tí àìsàn ojú sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìríran bàbá mi tán, mo padà wálé, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní ọmọ rere ni mí. Ẹ má dá wọn lóhùn. Mò ń se oúnjẹ rẹ̀, mò ń kán oògùn sí i lójú, mo sì ń mú un lọ sídìí máńgòrò ní ìrọ̀lẹ́ kó lè jókòó tì í. Ó máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa èèpo igi náà bí ẹni tó ń rẹ ọmọ.

“Tí igi yìí bá kú,” á wí, “kò sóhun tí mo tún ń jí fún láàárọ̀.”

Èmi tí mò ń jí i láàárọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà tó fi ń sọ ọ́.

Ní oṣù kẹwàá èṣí, àwọn àgbà ìjọ méjì wá kí i fún ìsinmi òmìnira. Mo ka téèpù fún un, igi náà ti fi íǹṣì kan sanra. Ó pè mí kí n wá fi ẹ̀yìn tì í. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí nígbà yẹn.

“Dádì, ẹ jẹ́ ká fi eléyìí sílẹ̀ lónìí,” ni mo wí.

“Ṣé ojú ń tì ọ́ ni? Wá.”

Mo lọ. Èèpo igi ti gbé ìṣó náà mì láti ọjọ́ pípẹ́, ihò kékeré kan bí ìdodo ló kù, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ mọ ibẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan wá ìdodo náà rí, ó fi èkejì tẹ̀ mí lórí, ó sì yíjú sí ibi tó ti ń gbọ́ ohùn àwọn àgbà ìjọ.

“Ọmọ méjì ni mo tọ́ níbí,” ló wí. “Mo bọ́ àwọn méjèèjì bákan náà. Eléyìí nìkan ni oúnjẹ mi dé inú rẹ̀.” Igi ló ń fọwọ́ lù pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ tó fi sọ ọ́.

Àwọn àgbà ìjọ rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì wolẹ̀. Mo lọ gbé mínírà wá fún wọn. Inú kíṣìnì níbẹ̀ ni mo ti pinnu pé màá pa á. Igi ni mò ń sọ.

N kò wá àáké. Ẹni tó bá fi àáké gé igi fẹ́ kó ṣubú, èmi fẹ́ kó dúró. Mo ra ọ̀bẹ tuntun lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kiri ní Mile 2, lọ́jọ́ tí mo lọ kó ọjà ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ wá fi mọ́tò gbé bàbá mi lọ rí dókítà ojú, mo ní orí ń fọ́ mi, mo jókòó sílé. Mo kúnlẹ̀ nídìí máńgòrò. Mo fi ọ̀bẹ fa òrùka kan yí ìdí rẹ̀ ká, nísàlẹ̀ pátápátá, mo fa òmíràn sókè rẹ̀, ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí ara wọn, mo sì bó èèpo tó wà láàárín kúrò. Ara igi jáde funfun, ó tutù, ó ń yọ̀. Mo rántí ohun tí bàbá mi sọ nípa ibi tó ń yọ̀. Mo mú ṣíbí ọbẹ̀ ìyá mi, mo fi ha á yíká títí kò fi yọ̀ mọ́. Oje rẹ̀ bó mi lọ́wọ́, ó tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó rọlẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó kọ́ mi ni mò ń lò. Inú igi lọ́hùn-ún ni omi ń gbà gòkè lọ bá ewé, nítorí náà ewé kò ní tètè mọ̀ pé nǹkan ṣe ìdí. Abẹ́ èèpo ni oúnjẹ tí ewé bá sè ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ bá gbòǹgbò, ọ̀nà yẹn ni mo gé. Gbòǹgbò tí kò rí jẹ, àwọn sẹ́ẹ̀lì orí rẹ̀ á jáwọ́ nínú pípín lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú ilẹ̀ níbi tí ojú kò ti lè tó wọn, á sì máa jẹ èyí tó ti tọ́jú pamọ́ títí yóò fi tán. Ó lè gbà tó ọdún kan. Mo to bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì mẹ́fà tí mo gbin efinrin sí yí ìdí igi náà ká kí ẹnikẹ́ni má baà rí ọgbẹ́ náà. Nígbà tí bàbá mi dé, ó ní efinrin náà ń ta sánsán.

Ohun tí n kò rò mọ́ ọn ni pé oúnjẹ tí kò lè sọ̀kalẹ̀ mọ́, òkè ló máa kóra jọ sí. Ní oṣù kejìlá, igi náà fi òdòdó bo ara débi pé a kò rí ewé rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta, ó so, n kò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ẹ̀ka rẹ̀ tẹ̀ kọjá ògiri àwọn aládùúgbò. Àlájà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní Amuwo láti ìgbà láéláé, gbé agbada wá.

“Bàbá, máńgòrò yín tọdún yìí mà pọ̀ gan-an o,” ló wí. “Kí lẹ fi sí i?”

“Ọlọ́run ni,” ni bàbá mi dáhùn, “àti ọmọ mi tó ń tọ́jú ẹ̀.”

Mo dúró níbẹ̀ tèmi ti abọ́ lọ́wọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò gbọ́ kó pè mí ní ọmọ òun níwájú ènìyàn kó má fi ọ̀rọ̀ ìṣó tì í. Ó dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi pé ó dùn mọ́ mi.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹrin, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo rí i pé ọ̀kan nínú àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì efinrin ti yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ sì ti dà sílẹ̀. Mo rò pé ológbò Àlájà ni. Mo gbá iyẹ̀pẹ̀, mo dá bọ́kẹ́ẹ̀tì padà sáyè.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bàbá mi ń jẹ máńgòrò lórí àga rẹ̀ lábẹ́ igi, omi rẹ̀ ń ṣàn dé ìgúnpá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ohun tí kì í ṣe mọ́ láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti lọ.

“Àwọn àgbẹ̀ kan máa ń bó èèpo igi yíká, tín-ín-rín báyìí, kó lè so dáadáa,” ló wí. “Ìyẹn á jinná. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà létí ọgbẹ́ á máa pín, wọ́n á wú, wọ́n á pàdé. Ṣùgbọ́n tí ọgbẹ́ bá ti fẹ̀ jù, wọn ò lè pàdé.”

“Kí ni wọ́n wá ń ṣe sí i?” Mo gbọ́ bí ẹnu ara mi ṣe bi í.

“Afárá. Wọ́n á gé ẹ̀ka tuntun bíi mẹ́fà, wọ́n á ki orí kan bọ abẹ́ èèpo nísàlẹ̀ ọgbẹ́, wọ́n á ki orí kejì bọ abẹ́ èèpo lókè, wọ́n á dì í pa. Ẹ̀ka yẹn ni oúnjẹ á máa gbà kọjá. Tí wọ́n bá tètè ṣe é kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, igi á yè.” Ó ju kóró máńgòrò sílẹ̀. “Ṣó o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Dádì.”

Ó kọjú sí mi, ojú rẹ̀ tí kò ríran là sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé, ẹ dárí jì mí, ẹ dúró tì mí, ọwọ́ ara mi ni màá fi ṣe afárá náà. Kò ju gbólóhùn kan lọ. Àmọ́ mo rí ẹ̀kọ tó funfun nínú abọ́ sóbò, mo rí ìka ìyá mi tó ń dán, mo sì rí ọwọ́ tó ń lu igi pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ níwájú àwọn àgbà ìjọ. Mo dìde, mo ní ọbẹ̀ ń jó, mo wọlé.

Òjò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní gbogbo òpópónà wa, àwọn igi yòókù ń yọ ọ̀mùnú, ewé tiwa ń pọ́n. Nígbà tó di oṣù keje, ó ti ń já bọ́, nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kẹjọ, àwọn ẹ̀ka òkè ti gbẹ. Bàbá mi ń gbọ́ ewé gbígbẹ lábẹ́ bàtà rẹ̀, kò bi mí ní nǹkan kan, mo sì gbà lọ́kàn mi pé ogbó ti dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá oúnjẹ sílẹ̀. Ó ń rù. Mo ti rò pé inú mi á dùn, ó sì dùn lóòótọ́, fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ewé ni mò ń gbá láràárọ̀.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún yìí, ó ní kí n mú téèpù wá. A kò ní àlejò. Mo fi téèpù yí igi náà ká, èèpo rẹ̀ ń ṣí já bọ́ sí mi lọ́wọ́.

“Kí ló kà?” ló bi mí.

“Bíi ti èṣí ni, Dádì.”

Ó gba téèpù, ó fi kọ́ ọrùn. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó na ọwọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò táràrà kó tó rí i. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo dá padà sáyè ní oṣù kẹrin ni. Ó ki ọwọ́ bọ ibẹ̀, ó fi ìka tọ ọgbẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ gùn dé.

“O fi nǹkan ha á lẹ́yìn tó o bó o,” ló wí. “Ṣíbí ni, àbí?”

“Ẹ ti mọ̀?” ni mo wí.

“Láti oṣù kẹrin. Igi kì í so báyẹn lásán.”

“Dádì, ó ṣì lè yè nígbà yẹn. Ẹ lè pe ẹnì kan kó wá ṣe afárá yẹn fún yín.”

“Ó lè yè.”

“Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi jẹ́ kó kú?”

Ó di igi mú, ó dìde. “Mo sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọ,” ló wí. “Mo wá ń dúró kó o sọ̀rọ̀. Mò ń gbọ́ bí ewé ṣe ń já, mò ń sọ fún ara mi pé, ó máa sọ ọ́ lónìí. Mo fẹ́ mọ bó o ṣe ga tó.”

Ó fọwọ́ wá èjìká mi, ó rọra tì mí títí ẹ̀yìn mi fi kan igi. N kò jà. Ìka rẹ̀ rí ìdodo ìṣó náà, àtẹ́lẹwọ́ kejì bà lé mi lórí, ó gbóná. Mo dúró bí mo ṣe dúró lọ́mọ ọdún méjìlá, n kò mí. Mò ń retí kó rẹ́rìn-ín. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

“Ìbú ìka kan,” ló wí. “Kò lé.”

Ó ká téèpù ìyá mi, ó kì í sápò, ó ní kí n mú òun wọlé, pé ebi ń pa òun. Mo fà á lọ́wọ́, a ń tẹ ewé gbígbẹ lọ. Mo bu oúnjẹ fún un, ó sì jẹ ẹ́ tán, ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kẹjọ.